Bastard Kì í Ṣe Ọmọ Àlè

Èébú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé yóò bèèrè pé kí ni ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń wá nídìí èébú, nígbà tí oríkì, òwe àti ìjálá kò tíì tán nílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Oníṣègùn tí ó bá ń sá fún egbò, ẹsẹ̀ ta ni yóò wẹ̀? Èébú wà nínú èdè gẹ́gẹ́ bí òwe ti wà nínú rẹ̀. Ó ní ìlànà tirẹ̀, ó sì ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà lè fi pa ọmọ ọlọ́mọ lára níbi tí ó ti rò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lásán ni òun ń ṣe. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyẹn.

Ní àkókò ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Kubwa, ní Àbújá níhìn-ín. Kíláàsì èdè Yorùbá ibẹ̀ kò pọ̀. Àwọn ọmọ yòókù ń lọ sí kíláàsì Hausa tàbí ti Igbo. Mo ní kí olúkúlùkù wọn mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún tí wọ́n gbọ́ nínú sinimá wá, kí wọ́n sì wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní ‘bastard’ ni òun mú wá, ìwé sì sọ pé ‘ọmọ àlè’ ni. Kí n tó la ẹnu, ó ti yíjú sí ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ní: ‘Ọmọ àlè ni ìwọ nìyẹn, torí màmá rẹ àti dádì rẹ ò ṣègbéyàwó.’ Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó ṣáà rọra kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó sì gbójú síta títí agogo fi lù. Èmi pẹ̀lú kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá ọmọkùnrin náà wí pé kò dára láti bú ẹlẹgbẹ́ ẹni, mo sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ náà dé. Ó kúnlẹ̀ kí olùkọ́ àgbà tí ó wà ní ọ́fíìsì, ó kí èmi náà, kí ó tó sọ ohun tí ó gbé e wá. Ó ní: ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ kẹjọ tí mo bí ọmọ yìí, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ó fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu. Báwo ni ó ṣe wá di ọmọ àlè?’ Olùkọ́ àgbà náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó ní kí ó má bínú, èébú ẹnu lásán ni, àwọn òyìnbó a tilẹ̀ máa fi pe ọ̀rẹ́ wọn. Mègáàdì tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà dá sí i, ó ní ‘shege’ ni àwọn ń pè é ní èdè tiwọn, àti pé àwọn ọmọdé a máa fi ṣeré. Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní: ‘Ẹ̀ ń sọ tiyín, èmi ń sọ tèmi.’

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí gbólóhùn yìí. Lójú tèmi, nínú gbogbo àwa tí a wà ní ọ́fíìsì náà, obìnrin yìí nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́. Ó rí ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè kò rí: pé ‘bastard’, ‘shege’ àti ‘ọmọ àlè’ kì í ṣe orúkọ mẹ́ta fún ohun kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú ìwọ̀nba àyè tí mo ní ni kí n tọ ipa ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé orísun wọn, kí a lè rí ibi tí wọ́n ti pínyà.

Kí a kọ́kọ́ kíyè sí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ‘swear’, ni wọ́n ń lò fún ẹni tí ó ń búra ní ilé-ẹjọ́ àti fún ẹni tí ó ń bú ènìyàn ní ojú pópó. Ìdí rẹ̀ ni pé láyé àtijọ́, ohun tí ó burú jù lọ létí wọn ni kí ènìyàn máa fi orúkọ Ọlọ́run tàbí ẹ̀jẹ̀ Jésù búra lórí ohun tí kò tó nǹkan. Yorùbá kò pa wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbúra yàtọ̀, èpè yàtọ̀, èébú yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá náà sì wà láyè tirẹ̀. Bí a bá ń wá ibi tí ‘bastard’ ti ṣẹ̀ wá, kò sí nínú èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ òfin ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Àlàyé tí a máa ń gbọ́ jù ni pé ‘bast’, èyí tí í ṣe gàárì ìkẹ́rù tí a ń dè mọ́ ẹ̀yìn ìbaaka, ni ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí ń fi ìbaaka kó ẹrù káàkiri a máa fi gàárì yìí ṣe ibùsùn bí ilẹ̀ bá ṣú; ọmọ tí ó bá ti ibẹ̀ wá ni ọmọ orí gàárì, èyí tí a kò bí lórí ibùsùn tọkọtaya. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn àlàyé náà, ṣùgbọ́n ó dùn-ún gbọ́. Ẹni tí ó lókìkí jù lọ nínú àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ náà pè ni William, ọmọ Robert tí í ṣe Dúùkù ilẹ̀ Normandy. Robert kò gbé Herleva, ìyá William, níyàwó, síbẹ̀ ó fi ọmọ náà ṣe àrólé, William sì gun orí oyè ní 1035 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó dó ti ìlú Alençon, àwọn ará ibẹ̀ na awọ ẹran sára odi, wọ́n ń lù ú láti fi ṣẹ̀sín ìdílé ìyá rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ awọ. Nígbà tí ìlú náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó gé àwọn tí ó bú u lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ní 1066, ọkùnrin kan náà yìí gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jọba níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ tí ìdílé ìyá rẹ̀ ń ṣe ni wọ́n fi bú u. Àìsí ìgbéyàwó nìkan kò tíì tó ohun tí yóò lé ènìyàn kúrò lórí oyè láyé ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni òfin wá le. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Kò lè jogún bàbá, kò lè jogún ìyá. Ní 1236, ní ìpàdé Merton, àwọn bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀bẹ̀ pé bí bàbá àti ìyá bá ṣègbéyàwó lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ, kí ọmọ náà di ọmọ òfin. Àwọn ìjòyè kọ̀ jálẹ̀. Ó di 1926, èyí tí í ṣe 690 ọdún lẹ́yìn náà, kí ìgbìmọ̀ aṣòfin tó gbà á, ó sì di 1987 kí òfin mìíràn tó mú ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ó ṣẹ́kù kúrò. Ohun tí ‘bastard’ ń bèèrè láti àárọ̀ ọjọ́ ni pé: ǹjẹ́ àlùfáà ti so bàbá àti ìyá pọ̀ kí ọmọ tó dé? Kò bèèrè bóyá a mọ bàbá. A lè mọ bàbá bí ẹní mowó, kí ọmọ ṣì jẹ́ bastard.

Bí òfin náà ṣe ń rọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń fúyẹ́. Lónìí, Gẹ̀ẹ́sì lè pe ọ̀gá tí ó rorò ní bastard. Ó lè pe ọ̀rẹ́ tí ó jẹ tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìlara àti ìfẹ́. Ó lè pe ẹni tí ìyà ń jẹ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àánú. Ó tilẹ̀ lè pe ẹ̀rọ ọkọ̀ tí ó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Australia ní ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ nípa ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1932 sí 1933. Wọ́n ní olórí ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fẹjọ́ sùn pé ẹnì kan nínú wọn pe òun ní bastard. Igbákejì olórí ikọ̀ Australia bá yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó bi wọ́n pé èwo nínú ẹ̀yin bastard wọ̀nyí ni ó pe bastard yìí ní bastard. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ‘ọmọ àlè’ rọ́pò rẹ̀ nínú ìtàn náà, kí ẹ sì sọ ọ́ níbi ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Ẹ óò rí i bóyá ẹ̀rín ni yóò kẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a bọ́ sí ti ‘shege’, nítorí ẹni tí ó bá ń gbé Àbújá kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ọ. Ìlú tí òfin 1976 dá sílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì kó wá sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ìlú tí gbogbo ẹ̀yà ti ń pàdé lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni. Kò sí bí èébú ẹnìkínní kò ṣe ní í ran ẹnìkejì. Hausa ni ọ̀rọ̀ náà. ‘Shege’ ni ọkùnrin, ‘shegiya’ ni obìnrin, ‘shegu’ ni bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ tí a bí láti inú sìná ni ó túmọ̀ sí. Lábẹ́ òfin Mùsùlùmí ti ìlànà Máálíkì, èyí tí wọ́n ń tẹ̀lé ní Àríwá, a kì í so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkùnrin tí ó bí i. Ìyá rẹ̀ ni ó ń jogún. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti wúwo, ó wúwo. Ṣùgbọ́n Hausa pẹ̀lú ti sọ ọ́ di eré láàárín ọ̀rẹ́: bí ẹnì kan bá fi ọgbọ́n àyínìke kan yọ, wọn a pariwo ‘kai, shege!’, ẹ̀rín ni wọ́n yóò sì máa rín.

Àwa tí a yá a lò ti gbé e jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ‘ṣege’ ti di orúkọ ìyà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tí ilé gbowó lérí mọ́ lọ́wọ́ yóò ní òun ti rí ṣege. Ẹni tí ó tò fún epo láti òwúrọ̀ di alẹ́, òun náà ti rí ṣege. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Olúwa yọ òun nínú ṣege, ìjọ sì dáhùn pé ‘Àmín’. Ìyá ìjọ tí kò ní gbà kí a pe ‘ọmọ àlè’ létí òun ni ó ṣíwájú àwọn tí ń ṣe ‘Àmín’ náà. Èmi kò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ èdè mìíràn láìgbé ìdílé rẹ̀ dání kò ní ìtìjú kankan láti kó wá.

Wàyí o, ọmọ àlè. Ọ̀rọ̀ méjì ni a so pọ̀. Àlè kì í ṣe ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó. Ẹni tí a yàn ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́yìn ọkọ tàbí lẹ́yìn aya ni. Nítorí náà, ọmọ àlè, bí a bá tẹ̀lé ìpìlẹ̀ rẹ̀, ni ọmọ tí obìnrin tí ó wà nílé ọkọ bí fún ọkùnrin mìíràn, tí a sì gbé fún ọkọ pé tirẹ̀ ni. Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: a fi orúkọ baba kan bo baba mìíràn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń dunni wọ egungun. Oríkì tí a ń fi kí ọmọ náà láàárọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Èèwọ̀ tí ó ń pa mọ́ kì í ṣe ti ìdílé rẹ̀. Ó sì lè fẹ́ ọbàkan rẹ̀ láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí baba bá jẹ́wọ́ pé tòun ni, tí ó sọ lórúkọ lójú ẹbí, ọmọ ni, yálà a ti gbé ìyá rẹ̀ níyàwó tàbí a kò tíì gbé e.

Kì í ṣe ẹnu àwọn àgbà nìkan ni a ti gbọ́ èyí. Nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt ní 1955, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà pé àwọn ọmọ tí baba jẹ́wọ́ wọn nígbà ayé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, lè bá àwọn tí ó bí nínú ìgbéyàwó olórùka pín ogún. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Cole àti Akinyele, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ fa ọwọ́ sẹ́yìn: ó ní ọmọ tí ọkùnrin bí síta nígbà tí ìgbéyàwó olórùka rẹ̀ ṣì wà kò lè di ọmọ òfin nítorí pé baba rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì tí ó jókòó sínú ilé wa tí ó ń wọn ọmọ wa. Òfin ìpìlẹ̀ 1979 ní abala 39, àti ti 1999 ní abala 42, ni ó wá sọ pé a kò gbọdọ̀ torí bí a ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kan fi ohunkóhun dù ú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fa ìyàtọ̀ yìí gùn jù, ẹ jẹ́ kí a fi eré Shakespeare méjì dán an wò, nítorí pé bastard jẹ́ ẹ̀dá ìtàn pàtàkì nínú wọn. Nínú King Lear, Edmund ni bastard. Ṣùgbọ́n ìran kìíní gan-an kò tíì rìn jìnnà tí baba rẹ̀, Gloucester, ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú àlejò pé òun ni òun bí i. Ìyá rẹ̀ kò sì sí nílé ọkọ kankan nígbà náà. Bí Yorùbá bá wo ìran yìí, kí ni yóò rí? Yóò rí ọkùnrin kan tí ó ní ọmọ méjì láti ọwọ́ obìnrin méjì. Edgar àti Edmund, ọbàkan ni wọ́n. Ẹni tí ó bá túmọ̀ Edmund sí ọmọ àlè ní ìran yìí ti da òǹwòran rú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí òǹwòran yóò máa wá àlè náà, kò sì ní í rí i.

Nínú King John ẹ̀wẹ̀, Philip Faulconbridge ni a ń pè ní Bastard. Ìyá tirẹ̀ wà nílé ọkọ, Ọba Richard ni ó sì lóyún fún. Àbúrò Philip gbé ẹjọ́ ogún lọ síwájú Ọba John, ọba sì dájọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin Gẹ̀ẹ́sì: níwọ̀n ìgbà tí a ti bí Philip sínú ìgbéyàwó, ọmọ òfin ni, òun ni àrólé. Ẹ wo bí òṣùwọ̀n méjèèjì ṣe kọ ẹ̀yìn síra wọn! Edmund tí òfin Gẹ̀ẹ́sì pè ní bastard, ọmọ ni lójú Yorùbá. Philip tí òfin Gẹ̀ẹ́sì pè ní ọmọ, òun gan-an ni àwọn àgbà wa yóò pè ní ọmọ àlè. Philip fúnra rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó yàn láti jẹ́ bastard Ọba Richard. Ní Yorùbá, ohun tí ó ṣe yìí ni kíkúrò nínú irọ́ lọ sí ìdílé baba tí ó bí i.

Ó tún kù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Wọ́n tún sọ pé ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí, ọmọ àlè ni à ń bẹ̀ tí kì í gbà. Nínú àwọn òwe wọ̀nyí, ìwà ni a ń wò, a kò bèèrè bí a ṣe bí ẹni náà. Bí a bá gbé Edmund sórí òṣùwọ̀n kejì yìí, ẹni tí ó ta baba rẹ̀ fún àwọn tí ó yọ ọ́ lójú, a jẹ́ pé ìwà ti sọ ọ́ di ohun tí ìbí rẹ̀ kò sọ ọ́ dà. Philip, tí ó dúró ti ìlú rẹ̀ títí ọba fi kú, ti fi ìwà wẹ ìbí rẹ̀ mọ́. Olùtumọ̀ tí ó bá mọ èyí lè ṣe ohun tí ó dára: kí ó má lo ‘ọmọ àlè’ fún Edmund ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá, kí ó tọ́jú rẹ̀ pamọ́ di ìgbà tí ó bá ta baba rẹ̀.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá bọ́ sí ọ̀nà tí ó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Nínú Deuteronomi orí 23 ẹsẹ 2, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti lo ‘bastard’, ‘ọmọ àlè’ ni Bíbélì Yorùbá lò. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó wà níbẹ̀ ni ‘mamzer’, àwọn rábì sì ti ṣàlàyé láti ayé àtijọ́ pé ọmọ tí a bí nípa àgbèrè pẹ̀lú aya aláya, tàbí láàárín àwọn tí èèwọ̀ kò gbà láti fẹ́ra, ni ó jẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ṣáà tíì ṣègbéyàwó kì í ṣe mamzer. Nítorí náà, Yorùbá sún mọ́ Hébérù níbẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nínú ìwé sí àwọn Hébérù, orí 12 ẹsẹ 8, a tún rí i pé àìgba ìbáwí baba ni a fi ń mọ ọmọ àlè. Ìyẹn kò jìnnà sí òwe àwọn àgbà.

Mo fẹ́ fẹ̀sùn kan àwọn tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ sinimá Yorùbá. Èébú yòówù kí òṣèré bú, ‘bastard’ ni wọ́n máa ń kọ. Ìyá arúgbó lè pe ọmọ rẹ̀ ní aláìmoore, kí a kọ bastard. Ọkọ lè fẹ̀sùn àgbèrè kan aya rẹ̀ pẹ̀lú ‘ọmọ àlè ni ọmọ yìí’, ọ̀rọ̀ tí ó tú ilé náà ká, kí a kọ bastard bákan náà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní mọ̀ pé ìkejì kì í ṣe èébú rárá, ẹ̀sùn ni. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Àbújá, tí wọ́n ń ka ìsàlẹ̀ ju bí wọ́n ti ń gbọ́ ẹnu lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ Yorùbá. Ọmọkùnrin inú kíláàsì mi kò dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ nìkan dá.

A sì ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lò ní ọ̀nà mìíràn. Ní àkókò ìdìbò 2023, mo rí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń pe Yorùbá bíi tiwọn ní ọmọ àlè nítorí pé kò dìbò fún ẹni tí wọ́n fẹ́. Wọn yóò ní òwe ni àwọn ń tẹ̀ lé, pé ẹni náà ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba. Èmi kò gbà. Yíyan ẹni tí yóò ṣèjọba kì í ṣe ilé baba ẹnikẹ́ni. Bí a bá ń lo ọ̀rọ̀ tí ó tóbi tó báyìí lórí ìwé ìdìbò, nígbà tí ẹnì kan bá ta ilé baba rẹ̀ ní tòótọ́, kí ni a óò pè é?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti sọ fún mi pé èdè a máa yí, pé bí ‘bastard’ ṣe fúyẹ́ ni ‘ọmọ àlè’ náà yóò ṣe fúyẹ́, kí n má dá ara mi lágara. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ iwájú. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń fi ṣàwàdà báyìí. Ṣùgbọ́n títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹnì kan wà tí ó ń san owó ìyípadà náà. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn lẹ́bàá fèrèsé.

Kí ìdánrawò wa tó parí, mo padà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú kíláàsì. Mo kọ ‘bastard’ sójú pátákó. Mo ṣàlàyé ti gàárì orí ìbaaka, ti William, àti ti òfin 1926. Wọ́n fẹ́ràn ti William. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn ohun tí àlè jẹ́, mo sì ní kí wọ́n pa ‘ọmọ àlè’ rẹ́ nínú ìwé wọn. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tọrọ àforíjì kí ó tó di ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ní ìbéèrè, ìbéèrè rẹ̀ sì dára. Ó ní bí ọmọ àlè kì í bá ṣe òun, kí ni Yorùbá wá ń pe ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò tíì ṣègbéyàwó? Ẹnì kan ní ‘ọmọ ìta’. Àwọn yòókù kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn tí ń gba owó ní gáréèjì nìyẹn. A wá a títí, a kò rí i. Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé na ọwọ́ sókè. Ó ní: ‘Ọmọ ni, sà.’

Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n sì dà á kọ.